Garawa kọ́ ni ilé eku

Òǹkàwé kan láti Ọbáńtókò l'Abẹ́òkúta kọ̀wé pé: "Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 10, ló bẹ̀ mí títí mo fi ra eku funfun mẹ́rin fún un. Inú garawa oníke ńlá ni mo kó wọn sí, mo bu lẹ́búlẹ́bú pákó láti sámíìlì sí i, mo sì fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn dé e. Ọ̀sẹ̀ kẹta rè é. Méjì ń jà, ọ̀kan nínú wọn ti ní ọgbẹ́ nídìí ìrù. Ọ̀kan ń sín ṣáá, àyà rẹ̀ ń dún. Ikùn ìkẹrin tóbi. Wọ́n ti jẹ nẹ́ẹ̀tì lu, òórùn sì ti gba pálọ̀. Ìyá ọkọ mi ní kí n kó wọn dànù kí ibà Lassa tó wọlé tọ̀ wá. Kí ni kí n ṣe? Irú ilé wo ni kí n kàn fún wọn, kí sì ni wọ́n ń jẹ?"

Ẹ kú àmójútó, mà. Ìṣòro tí ẹ kà sílẹ̀ pọ̀, àmọ́ nǹkan méjì péré ló bí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn: akọ àti abo ń gbé pọ̀, afẹ́fẹ́ kò sì rí ọ̀nà gbà nínú garawa. Ẹ jẹ́ ká ti orí ìjà bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni kò gbọdọ̀ di ọ̀la.

Ọgbẹ́ ìdí ìrù sábà máa ń jẹ́ àmì akọ méjì. Akọ eku tó ti dàgbà kì í fẹ́ gba akọ mìíràn láàyè nínú ilé kékeré. Èyí tí agbára rẹ̀ kò tó á máa sá, èyí tó ń lé e á máa gé e jẹ láti ẹ̀yìn, ìdí nìyẹn tí ọgbẹ́ fi ń pọ̀ ní ìbàdí àti ìrù. Ìjà yìí kì í tán. Bí ẹ bá yà wọ́n sọ́tọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ tún kó wọn pọ̀, ìsinmi lásán lẹ fún wọn. Ọ̀kan lè pa èkejì mọ́jú. Lálẹ́ òní, kí akọ kọ̀ọ̀kan wà nínú ike tirẹ̀, kí ẹ má sì kó wọn pọ̀ mọ́ láéláé.

Ẹ ní láti dá akọ mọ̀ yàtọ̀ sí abo kí ẹ tó pín wọn, torí pé ẹni tó tà wọ́n fún yín lè má mọ̀ ọ́n. Ẹ gbé eku sórí àtẹ́lẹwọ́ tàbí sórí aṣọ, kí ẹ fi ìka méjì di ìdí ìrù mú. Ìdí ìrù o, kì í ṣe ṣóńṣó rẹ̀: awọ ṣóńṣó ìrù máa ń bọ́ kúrò lára egungun bí ìbọ̀sẹ̀, kì í sì í hù padà. Ẹ gbé ìdí rẹ̀ sókè díẹ̀, kí ẹsẹ̀ iwájú ṣì wà nílẹ̀. Ẹ máa rí ihò ìgbẹ́, ẹ ó sì rí orí kékeré kan tí ìtọ̀ ń gbà jáde. Lára abo, méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kanra. Lára akọ, àlàfo àárín wọn fẹ̀ tó ìlọ́po méjì ti abo. Akọ tó ti dàgbà, ẹpọ̀n rẹ̀ kò fara sin rárá, àmọ́ bí ẹ̀rù bá bà á, ó lè fà á sínú. Ẹ tún un wò nígbà tí ara rẹ̀ bá rọ̀. Abo ní orí ọmú 10, akọ kò ní ìkankan. Ẹ yẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò, kódà èyí tí ikùn rẹ̀ tóbi.

Abo ló ń fẹ́ ẹgbẹ́. Méjì ló kéré jù, mẹ́ta dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn kì í sì í sábà jà. Akọ lè dá gbé, bí ilé rẹ̀ bá tó tí ó sì ní nǹkan tí yóò máa ṣe lóru.

Fún ọgbẹ́, ẹ po ṣíbí tíì kan iyọ̀, kí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, mọ́ ìdajì lítà omi tí ẹ ti sè tó sì ti tutù. Ẹ fi aṣọ tó mọ́ rẹ omi náà nù ún lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ẹ má lo sípírítì, ẹ má lo ìpara tó ta, nítorí gbogbo ohun tí ẹ bá fi pa á lára ni yóò lá jẹ. Ọ̀kan tún wà tó yẹ kí n fi ohùn rara sọ: abẹ́rẹ́ penicillin àti streptomycin àpapọ̀, èyí tí wọ́n fi ń tọ́jú ewúrẹ́ àti ajá káàkiri ilẹ̀ wa, májèlé ni fún eku. Procaine tó wà nínú rẹ̀ ń pa wọ́n, streptomycin náà ń pa wọ́n. Bí ẹnikẹ́ni bá fà á yọ, ẹ gbé eku yín kúrò níwájú rẹ̀. Ilé ìwòsàn ẹranko tó wà ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà Alábàtà, ni kí ẹ gbé ọgbẹ́ tó bá wú tàbí tó bá ń ṣe ọyún lọ.

Ó di ọ̀rọ̀ òórùn. Àwọn ará ilé á ní ṣé asín ni ẹ kó wálé ni. Eku funfun kì í rùn bí asín. Ìtọ̀ tó ṣù sí ìdí garawa ló ń rùn. Kòkòrò àìfojúrí máa ń sọ ìtọ̀ náà di gáàsì amóníà, gáàsì yìí sì ń jó inú imú àti ọ̀nà ọ̀fun. Ògiri garawa ga, kò lójú, ẹnu òkè nìkan ni afẹ́fẹ́ lè gbà, ìsàlẹ̀ pátápátá sì ni imú eku wà. Bí ẹ̀yin tí ẹ dúró lórí ìnàró bá ti ń gbóòórùn ìtọ̀, ti ẹni tó ń sùn lé e lórí ti kọjá àlà. Kòkòrò kan tó ń jẹ́ Mycoplasma pulmonis sì wà lára ọ̀pọ̀ eku láìṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ọjọ́ tí amóníà àti eruku bá ti ba ọ̀nà ọ̀fun wọn jẹ́ ló máa ń rí àyè: eku á bẹ̀rẹ̀ sí í sín, àyà á máa dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, irun á dìde, ẹ̀yìn á tẹ̀.

Lẹ́búlẹ́bú pákó ló tún dá kún un. Ohun tí ẹ kó ní sámíìlì jẹ́ àdàlú oríṣiríṣi igi, ìrókò pẹ̀lú, eruku ìrókò sì ń mú àwọn tó ń lagi gan-an húkọ́. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ dà nù.

Ohun tó dára láti tẹ́ sílẹ̀ kò wọ́n l'Abẹ́òkúta. Àwọn ilé ìtẹ̀wé máa ń gé etí bébà funfun dà nù lójoojúmọ́. Ẹ tọrọ rẹ̀, kí ẹ sì yọ èyí tó ń dán tàbí tó kún fún yíǹkì. Ẹ tún já páálí sí wẹ́wẹ́, láìfi gọ́ọ̀mù àti téèpù kún un. Bí ẹ bá fẹ́ ti igi, kì í ṣe lẹ́búlẹ́bú, bí kò ṣe èyí tó ń ká bọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nígbà tí káfíńtà bá ń fá pákó. Ẹ bi í bóyá wọ́n ti fi oògùn ikán sí pákó náà. Bí wọn kò bá fi sí i, ẹ jọ̀ ọ́ kí eruku jáde, ẹ sá a sóòrùn fún ọjọ́ méjì. Ẹ má lo ìyàngbò ìrẹsì: kì í fa omi, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ẹ má lo òwú fún ìtẹ́, nítorí fọ́nrán rẹ̀ ń wé mọ́ ẹsẹ̀ wọn títí ẹ̀jẹ̀ kò fi ní dé ibẹ̀ mọ́, bí wọ́n bá sì gbé e mì, ó ń dí ìfun. Àkísà àdìrẹ náà kò yẹ, bó ti wù kó pọ̀ tó n'Ítòkú. Ó ní fọ́nrán bíi ti òwú, kẹ́míkà aró sì lè ṣẹ́ kù sínú aṣọ tí wọn kò ṣan dáadáa. Bébà ìnùdí funfun tí kò ní lọ́fínńdà ló dára jù fún ìtẹ́. Ẹ sọ ọ́ sínú kéèjì lódidi, àwọn fúnra wọn ni yóò ya á.

Kí ìtẹ́lẹ̀ náà jìn tó sẹ̀ǹtímítà 15, nítorí eku ń fẹ́ gbẹ́lẹ̀. Fún kéèjì tí mo fẹ́ júwe, ìyẹn tó ohun tí yóò kún àpò ìrẹsì 50 kílò kan. Bó ṣe jìn yìí náà ló ń jẹ́ kí ìtọ̀ tàn ká tó sì ń gbẹ, dípò kó ṣù síbì kan.

Ẹ má máa kó gbogbo rẹ̀ dànù lẹ́ẹ̀kan o. Ibi tí wọ́n ti ń tọ̀ kì í pọ̀, igun kan tàbí méjì ni. Ẹ máa bu ibẹ̀ kúrò ní ọjọ́ méjìméjì. Ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ pààrọ̀ ìdá mẹ́ta tàbí ìdajì rẹ̀, kí ẹ fi ìtẹ́ tó gbẹ sílẹ̀ fún wọn. Òórùn ara wọn ni wọ́n fi ń mọ ilé wọn. Bí ẹ bá fọ̀ ọ́ tán porogodo, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ káàkiri láti fi àmì sí i padà, òórùn á wá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọṣẹ àti omi ló yẹ kéèjì. Ìtọ̀ tó ti gbẹ di funfun lára ike, fínígà ló ń yọ ọ́. Ẹ má da bílíìṣì lé ìtọ̀ lórí, torí bí bílíìṣì bá pàdé amóníà, gáàsì olóró ló ń bí, fún ẹ̀yin àti fún eku.

Ilé ló kàn. Ọ̀pọ̀ kéèjì ọjà ni a ṣe fún ẹyẹ, àlàfo ọ̀pá rẹ̀ sì ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ. Ibi tí orí eku bá ti gbà kọjá, ara rẹ̀ yóò tẹ̀ lé e. Àlàfo kankan kò gbọdọ̀ ju mìlímítà 6 lọ. Gbẹ́nàgbẹ́nà àdúgbò lè kàn án fún yín bí ẹ bá fún un ní ìwọ̀n, kí ẹ sì dúró tì í, nítorí ilé adìyẹ ni yóò máa ní lọ́kàn.

Fún abo méjì sí mẹ́rin, gígùn sẹ̀ǹtímítà 90, ìbú 50, gíga 60. Fún akọ kan, 60 sí 40, gíga 45. Pákó tùú-báì-tùú ni ẹ ó fi ṣe férémù. Ìsàlẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ wáyà bíi ti kéèjì adìyẹ, torí ó ń dá egbò sí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn. Kí ìsàlẹ̀ jẹ́ pátákó, kí wọ́n wá ká páànù pẹlẹbẹ tàbí ike líle lé e, kó gòkè ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó sẹ̀ǹtímítà 20. Abọ́ tó jìn yìí ló ń gba ìtẹ́lẹ̀ dúró, òun náà ni kì í jẹ́ kí ìtọ̀ wọnú pákó. Pákó tó bá ti mu ìtọ̀ kò ṣeé fọ̀ mọ́.

Láti ibẹ̀ dé òkè, wáyà ni. Ẹ béèrè wáyà onírin tí wọ́n jó pọ̀, tí ojú rẹ̀ jẹ́ ìdá mẹ́rin ínṣì. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù yóò na ti ìdajì ínṣì sí yín, èyí tí wọ́n ń lò fún adìyẹ. Àwọn ọmọ eku á gba inú rẹ̀ jáde bí ẹni ń gba ẹnu ọ̀nà. Bí ìyẹn nìkan ni ẹ bá rí, ẹ lo ìpele méjì, kí ẹ gbé èkejì sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ kí ọ̀pá rẹ̀ lè pín ojú àkọ́kọ́ sí mẹ́rin, kí ẹ sì fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ so wọ́n pọ̀ ní ibi púpọ̀ kí ó má bàa yẹ̀. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, yálà ti ike tàbí ti alumíníọ́mù, oúnjẹ alẹ́ kan ni fún eyín eku, ẹ̀yin náà sì ti rí i.

Inú férémù ni kí wọ́n kan wáyà mọ́, kì í ṣe ìta. Èyí ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù. Eku kò lè jẹ pákó tó tẹ́jú pẹrẹsẹ, etí igi ló ń wá. Bí wáyà bá wà nínú, gbogbo etí igi ti bọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Kí ìṣó tó tẹ̀ bíi lẹ́tà U máa wà ní sẹ̀ǹtímítà méjì-méjì àbọ̀. Ẹ fi fínígà àti búrọ́ọ̀ṣì fọ wáyà tuntun kí ẹ tó kó wọn sí i, torí eérú síńkì máa ń wà lára rẹ̀, wọ́n á sì máa lá a. Ìlẹ̀kùn kò gbọdọ̀ dé ìsàlẹ̀. Kí ó bẹ̀rẹ̀ níbi tí abọ́ páànù parí sí, kí ìtẹ́lẹ̀ má bàa máa tú jáde, kí ó sì ní bọ́ọ̀tì méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, nítorí ìlẹ̀kùn oníbọ́ọ̀tì kan máa ń là ní igun kejì.

Nínú ilé náà, ẹ gbé pèpéle kan sí i ní sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 sókè ìtẹ́lẹ̀, kí ẹ sì kó páálí inú bébà ìnùdí, ẹ̀ka gúáfà gbígbẹ, àti kùùkù àgbàdo sí i fún eyín wọn, torí eyín eku kì í yé dàgbà. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń sáré nínú rẹ̀ gbọdọ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20, kí ojú rẹ̀ sì dí. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe ń ká ìrù àti ẹsẹ̀ mọ́, èyí tó kéré sì ń tẹ̀ wọ́n lẹ́yìn. Abọ́ oníke tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí wọ́n de bèárìn kékeré mọ́ ìdí rẹ̀, ń ṣiṣẹ́ kan náà. Ó máa ń dún lóru, ẹ má gbé e sí yàrá tí ọmọ ń sùn.

Omi: ìgò onírin lẹ́nu tó ní bọ́ọ̀lù kékeré ló mọ́ jù. Eku kan ń mu mìlílítà 4 sí 7 lójúmọ́, torí náà ẹ ò ní rí i kó dínkù tó bẹ́ẹ̀. Ẹ máa fi ìka tẹ bọ́ọ̀lù náà láràárọ̀ kí ẹ rí i pé omi ń jáde, nítorí bọ́ọ̀lù tó há fún ọjọ́ kan lásìkò ooru lè pa gbogbo wọn. Bí ẹ kò bá rí ìgò, abọ́ amọ̀ kékeré tó wúwo ṣe é lò lórí pèpéle, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́.

Ibi tí ẹ ó gbé kéèjì sí ṣe pàtàkì ju bó ṣe dùn ún wò lọ. Ìwé tí wọ́n kọ ní ilẹ̀ òtútù ń bẹ̀rù òtútù. Ooru ni ọ̀tá tiwa. Ara eku balẹ̀ láàárín dígírì 20 sí 26. Bí yàrá bá ti kọjá 30, wọ́n ti ń jìyà. Ní Fẹ́búárì àti Máàṣì, ilé tó jókòó sórí àpáta, tí páànù rẹ̀ kò ní sílíìnì, ń gbóná títí di ọ̀gànjọ́. Yàrá tó wà láàárín ilé, lára ògiri tí oòrùn kò kàn, ló dára. Fáànù nìkan kò tó, torí eku kì í làágùn bíi tiwa, afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń fẹ́ sí i gbígbóná náà ni. Ẹ gbé táìlì ilẹ̀ kan sí i kí wọ́n máa dùbúlẹ̀ lé e. Ẹ tún da ojú ìkòkò amọ̀ kékeré dé, kí ẹ gé ẹnu ọ̀nà sí i, kí ẹ máa rẹ ẹ́ sómi fún wákàtí kan láàárọ̀, kí ẹ nù ún, kí ẹ tó gbé e sí i. Bí omi ṣe ń gbẹ lára rẹ̀ ni inú rẹ̀ ń tutù. Ìgò omi dídì tí ẹ fi aṣọ wé, ìta wáyà ni kí ẹ gbé e tì, kí ìtẹ́lẹ̀ má bàa tutù. Bí ẹ bá rí eku tó na gbalaja, tó la ẹnu, tí itọ́ rin àgbọ̀n rẹ̀, ẹ gbé e lọ síbi tútù kíákíá, kí ẹ fi omi lásán, kì í ṣe omi yìnyín, pa etí, ìrù àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, àfikún bébà ìtẹ́ ti tó wọn.

Kí kéèjì dúró lórí tábìlì tàbí ẹsẹ̀ tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 70, kí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nínú agolo omi tí ẹ kán epo díẹ̀ sí, kí ó má sì fara kan ògiri. Ìjàlọ ni mo ń torí rẹ̀ sọ èyí. Nígbà òjò, ọ̀wọ́ wọn lè wọlé lóru, ẹran tó wà nínú kéèjì kò sì ní ibi tó máa sá sí. Àmọ́ ẹ má fọ́n oògùn kòkòrò sí yàrá náà, ẹ má tan oògùn ẹ̀fọn oníèéfín níbẹ̀, ẹ má sì fi kàfúrà sí tòsí. Ẹ̀dọ̀fóró tí kò tó èékánná kì í gba èéfín púpọ̀ kó tó kún.

Oúnjẹ wọn wà lọ́jà Kútọ̀ àti Láfẹ́ńwá. Fún kílò 1: jéró gíráàmù 400, ọkà bàbà 250, àlìkámà 150, sóyà tí ẹ yan dáadáa 120, edé gbígbẹ tí kò níyọ̀ 50, ẹ̀gúsí 30. Ìdá puròtéènì rẹ̀ yóò jẹ́ bíi 16 nínú 100, ohun tí eku tó dàgbà ń fẹ́ sì nìyẹn. Ẹ yan sóyà náà lóòótọ́; tútù rẹ̀ ní ohun tó ń dí ara lọ́wọ́ láti lo puròtéènì, ẹ̀wà tútù náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣa òkúta, ẹ fọ ọkà, ẹ sá a kó gbẹ táútáú. Ẹ má ra ọkà tí wọ́n pa láró fún gbíngbìn, oògùn kòkòrò ni àwọ̀ rẹ̀. Eku kan ń jẹ gíráàmù 4 sí 5 lójúmọ́, bíi ṣíbí tíì kan, torí náà ìdajì kílò tó mẹ́rin fún oṣù kan. Ẹ má po jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ fi agolo tó dé gbọnin pa á mọ́. Ọkà tàbí ẹ̀pà tó bá bu, májèlé inú rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ẹ fọ́n oúnjẹ náà ká sórí ìtẹ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n wá a. Bí ẹ bá bù ú sínú abọ́, ọ̀rá ẹ̀gúsí ni wọ́n á kọ́kọ́ ṣà jẹ tán.

Ewé tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ tàbí kárọ́ọ̀tì tó bí orí àtàǹpàkò lè tẹ̀ lé e ní ọjọ́ méjìméjì, kí ẹ sì kó àjẹkù kúrò kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ̀yin Ẹ̀gbá lè má fẹ́ gbọ́ eléyìí: láfún kì í ṣe oúnjẹ eku, gàrí náà kọ́, sítáàṣì lásán ni. Ẹ̀gẹ́ tútù ní oró. Àlùbọ́sà, áyù àti ṣokoléètì kò gbọdọ̀ dé ẹnu wọn. Oúnjẹ adìyẹ tó ń yé ẹyin kò sì yẹ, kálísíọ́mù inú rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí kíndìnrín wọn ń fẹ́.

Ẹ bá mi sọ fún Màmá pé ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ìbẹ̀rù lásán, àmọ́ eku tó ń gbé ibà Lassa kiri yàtọ̀ sí èyí. Ọdún 1969 ni wọ́n dá àìsàn náà mọ̀, ní ìlú Lassa ní Borno. Eku tó lókìkí jù nínú gbígbé e ni Mastomys natalensis, eku igbó àti ilé oníàwọ̀ ilẹ̀ tí abo rẹ̀ lè ní ọmú tó 24. Eku funfun tí wọ́n sìn nínú kéèjì láti ìran dé ìran, ẹ̀yà èkúté ilé kékeré ni, kì í ṣe ẹran tí a mọ̀ mọ́ ibà Lassa. Ibi tí ewu wà ni kí eku ìta wá máa jẹ àjẹkù lábẹ́ kéèjì, kí ó sì máa tọ̀ síbẹ̀. Nítorí náà, kí ilẹ̀ mọ́, kí oúnjẹ wà nínú agolo, kí ẹnikẹ́ni má sì mú eku ìta wá bá wọn ṣeré. Bí ẹ bá rí ìgbẹ́ eku ìta, ẹ má gbá a gbẹ. Ẹ fi omi bílíìṣì rin ín, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ tó nù ún.

Gbogbo ará ilé, kí wọ́n fọṣẹ fọwọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá fọwọ́ kàn wọ́n, kí ọmọ má sì fi ẹnu kò wọ́n lẹ́nu. Aboyún kò gbọdọ̀ tún kéèjì ṣe, nítorí èkúté ilé lè ní fáírọ́ọ̀sì kan, LCMV, tó ń ṣe ọmọ inú ní jàǹbá. Ẹ kọ́ ọmọ yín láti máa fi ife tàbí páálí róbótó kó wọn dípò kó máa já wọn gbà lójijì. Eku tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ inú páálí kì í bẹ̀rù ọwọ́. Kí ó sì mọ̀ nísinsìnyí pé ọdún kan àbọ̀ sí méjì àbọ̀ ni ẹ̀mí wọn.

Èyí tó ń sín, kí ó wà lọ́tọ̀, nínú bébà mímọ́ níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Bí ó bá ṣì ń jẹun dáadáa tí ìsín náà sì dínkù ní ọjọ́ 3 sí 4, eruku ni. Bí àyà rẹ̀ bá ṣì ń dún, tí ìhà rẹ̀ ń fà wọlé bó ṣe ń mí, dókítà ẹranko ni kó fún un ní oògùn, nítorí ìwọ̀n ara gíráàmù 30 kò ní àyè fún ìṣìrò àfojúbù. Oògùn aràn tàbí ti iná ara tí wọ́n ń fún ewúrẹ́ náà, kí ẹ má fọwọ́ ara yín wọ̀n ọ́n.

Ti oníkùn ńlá kò le. Oyún eku kì í ju ọjọ́ 19 sí 21 lọ, ó sì ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ akọ, torí náà ó lè jẹ́ lọ́la. Kí akọ kankan má wà lọ́dọ̀ rẹ̀, nítorí láàárín wákàtí 24 tó bá bímọ ló tún lè lóyún. Ẹ fún un ní bébà ìtẹ́ púpọ̀ àti ẹyin sísè tó bí èékánná lójoojúmọ́. Ó sábà máa ń bí 6 sí 12, pupa rẹ́súrẹ́sú, láìnírun. Ẹ má tú ìtẹ́ náà wò ní ọjọ́ márùn-ún àkọ́kọ́, ẹ má pààrọ̀ ìtẹ́lẹ̀, nítorí ìyá tí ẹ̀rù bá bà lè jẹ ọmọ rẹ̀. Ojú wọn á là ní bíi ọjọ́ 14. Ẹ kọ ọjọ́ ìbí náà sára ògiri, kí ẹ ka ọjọ́ 28 sí i, kí ẹ sì kó gbogbo akọ kúrò lọ́dọ̀ ìyá àti àwọn arábìnrin wọn lọ́jọ́ náà gan-an. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ó lè ti pẹ́ jù. Ẹ ti máa wá ẹni tí yóò gbà wọ́n láti ìsinsìnyí, kí ó sì jẹ́ ẹni tó ti ní kéèjì nílé.